A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni àwọn baba wa wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, nítorí ẹni tó ni orí ló mọ ibi tí eéwo sọ sí, tí abẹ kò gbọdọ̀ kàn.

Kò sí ará Ùsì-Èkìtì tí yóò ní òun kò fẹ́ kí ìjọba mú ọ̀nà ìlú fẹ̀ sí i, nígbà tí iṣu àti kòkó ń bẹ lóko tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, tí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó, níbi tí a ń sáré gbé aboyún tó ń rọbí lọ lóru. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í fẹ̀ lásán, ilẹ̀ ẹnìkan ló ń jẹ.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 gbé ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́. Ó ní kí a san owó ilé àti irè oko fún ẹni tí a bá gba ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì iye owó ilẹ̀ tó san lọ́dún tí a gba ilẹ̀ náà ni yóò gbà. Àgbẹ̀ tó jogún oko lọ́wọ́ baba rẹ̀, tí kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, òfo ni tirẹ̀. Oórì baba tó wà níwájú ilé ńkọ́, ta ni yóò díye lé e? Ohun tí òfin kò kà, ẹnu olóhun ló lè kà á. Òfin mìíràn sì wà, nọ́ńbà 86 ti ọdún 1992, tó pàṣẹ pé kí a gbọ́ tẹnu ará ìlú lórí ohun tí iṣẹ́ ńlá lè dá sílẹ̀ ní àyíká wọn, kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ní 2024, àwọn ará Okun-Ajah l'Ékòó figbe ta pé ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Calabar ti yà kúrò níbi tí àwọn mọ̀ ọ́n sí, ó ti kọjú sí ilé àwọn, bẹ́ẹ̀ katakata ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà.

Nítorí náà, kí a tó fẹ ọ̀nà Ùsì, kí agogo akéde dún yí gbogbo àdúgbò ká, kí ìpàdé má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí àlejò tó ń dáko àti obìnrin tó ń ta gàrí létí títì jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè níwájú Kábíyèsí. Àwòrán ọ̀nà tí a tẹ́ sórí tábìlì kò tó. Ìyá àgbà kò lè rí igi obì rẹ̀ láàárín àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá a rìn dé ìdí igi náà, kí ó fi ibi tí èèkàn yóò wà hàn án, kí a kọ ohun tí ìyá bá wí sílẹ̀ ní Yorùbá, kí a kà á sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Bí ilẹ̀ bá sì jẹ́ ti ìlú, tí gómìnà ní kí a san owó rẹ̀ fún olórí ìlú, gẹ́gẹ́ bí òfin 1978 ti gbà, kí a ka iye náà jáde ní gbangba lọ́jọ́ tí a bá san án.