Ikun Kì í Ṣe Wàrà: Àròkọ lórí Ọ̀rọ̀ Títọ́ Ọmọ Ẹja Dísíkọ́ọ̀sì

Ilé ìkàwé alájà 14 kan wà lójú ọ̀nà Baltimore Avenue ní Beltsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni gbogbo ìwé inú rẹ̀ dá lé. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń gbé àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2007, ti èdè Sípéènì tẹ̀ lé e. Yorùbá tó ń gbé káàkiri agbègbè ibẹ̀, Prince George's County, kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa kò sí nínú àkójọ náà. N kò bá wọn wí. Àwa tí a ni èdè kò tíì kó ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ẹja jọ sójú kan, kí ni wọ́n fẹ́ rí kà?

Ohun tó bí mi nínú wà nítòsí ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan tú ìtọ́ni lórí bí a ṣe ń tọ́ ọmọ ẹja dísíkọ́ọ̀sì sí Yorùbá, ó sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn tó ń sin ẹja nínú dígí lágbègbè wa. Ọmọ ẹja tó ń dàgbà di "ìgbéga ìwọ̀n ìdàgbàsókè ara". Kí á pààrọ̀ omi di "ìṣàmúlò ìyípadà omi lóòrèkóòrè". Yorùbá wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé rẹ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni agbára èdè wa. Ọmọ ń dàgbà, ó ń ga, ó ń sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá sọ gbogbo ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn ń di ẹrù lé òǹkàwé lórí lásán.

Ẹja náà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó júwe. Odò Amazon àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ọdún 1840 ni Heckel, onímọ̀ ẹja ọmọ ilẹ̀ Austria, sọ ọ́ ní Symphysodon discus. Ó rí roboto, ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 28 sí 30 ti Celsius, omi náà sì gbọ́dọ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, a ó sì kó àjẹkù kúrò kó tó ba omi jẹ́. Bí omi bá dọ̀tí, tàbí tí wọ́n bá fún mọ́ra jù, wọn kò ní dàgbà bó ṣe yẹ: ojú wọn á tóbi ju ara lọ, ara roboto yẹn á sì gùn gbọọrọ. Akúrẹtẹ̀ ni à ń pe ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí a tó bí olùtumọ̀ tó kọ "ẹja aláìní ìdàgbàsókè kíkún".

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò tó ohun tí à ń jà sí. Àpótí dígí, òṣùwọ̀n ooru, rọ́bà tí a fi ń fa omi: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Amóníà, náítíréètì, àti kulorínì inú omi ẹ̀rọ: ẹ yá wọn lò. Mo gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ kí á pe amóníà ní "afẹ́fẹ́ ìtọ̀" nítorí òórùn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá. Bí a bá ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ kó má baà kó àrùn ran àwọn tó ti wà nílé, ìyàsọ́tọ̀ ni. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020 ti fi ìyẹn àti konílé-ó-gbélé kọ́ tọmọdé tàgbà.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbójú fò, "kòkòrò àrùn", tí olùtumọ̀ náà fi pe àwọn bakitéríà tó ń gbé inú asẹ́. Asẹ́ dára, láti ara sẹ́, bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sísẹ́ nìkan ni asẹ́ inú àpótí ẹja ń ṣe. Bakitéríà ibẹ̀ ló ń sọ amóníà tó ń pa ẹja di náítíráìtì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á pé asẹ́ òun kún fún kòkòrò àrùn yóò da omi gbígbóná sí i lọ́jọ́ náà gan-an, ẹja rẹ̀ á sì kú. Kòkòrò, lọ́kàn Yorùbá, ohun tí à ń pa ni. Ẹ fi bakitéríà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Orúkọ ẹja náà ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ "ẹja àwo". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn á kà á sí ẹja awo, a ó sì máa wá babaláwo tó ni ín. Tèmi ni epìyà pẹlẹbẹ. Ìdílé kan náà ni onímọ̀ ẹja ka dísíkọ́ọ̀sì àti epìyà inú ọ̀sà wa sí, nítorí náà orúkọ yẹn á sọ ìbátan rẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀pẹ́ kó tó rí ẹja náà rárá. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun: níbi ìwádìí ọ̀sìn tó wà ní Beltsville kan náà ni wọ́n ti dá irú tòlótòló kan sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1930 wá. Wọ́n pè é ní Beltsville Small White: ìlú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ó parí. Wọn kò bẹ̀rù àpèjúwe ṣókí, kí ló dé tí àwa ń bẹ̀rù rẹ̀? Ẹni tó bá ń tà á lè máa pè é ní dísíkọ́ọ̀sì, kí oníbàárà lè mọ ohun tó ń rà.

Ìjà gan-an wà lórí oúnjẹ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọmọ ẹja yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́, ara òbí rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, ohun tó ń yọ̀ lára wọn ló ń jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá ń bọ́ wọn, bàbá náà ń bọ́ wọn. Kí ni kí á pe ohun tí wọ́n ń jẹ yìí?

Àwọn tó fẹ́ kí á pè é ní wàrà ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọdún 2010, Jonathan Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nínú Journal of Experimental Biology pé nígbà tí òbí bá yé ẹyin, purotéènì àti èròjà tó ń bá àrùn jà máa ń pọ̀ sí i nínú ohun tó bo ara wọn. Ó jọ iṣẹ́ wàrà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àfiwé ni, a kì í fi àfiwé ṣe orúkọ nínú ìwé ìmọ̀ bí ojúlówó ọ̀rọ̀ bá wà. Bí a bá sì pè é ní omi ọmú, ẹja ti di ẹranko afọ́mọlọ́mú nìyẹn, bàbá ẹja pẹ̀lú! Mo ti rí bàbá tó ń gbọ́mọ pọ̀n, n kò tíì rí èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Àwọn mìíràn fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti ara yọ̀: ara ẹja ń yọ̀, nítorí náà "ìyọ̀". Ọ̀nà ìṣẹ̀dá náà tọ́, àfòmọ́ ì- ti bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ fún wa. Ìyọnu rẹ̀ ni iyọ̀. Iyọ̀ ni ẹlẹ́ja ọjà fi ń bó ara àrọ̀ kó má baà máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé iyọ̀ ni yóò wá fi fọ ìyọ̀?

Ikun ni mo dì mú. Àwọn kan á yínmú, wọ́n á ní ti catarrh ni. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni! Ohun tí ara ń tú jáde fi bo ibi tó ṣẹlẹgẹ́, yálà nínú imú èèyàn tàbí lórí awọ ẹja, irú kan náà ni. Ìríra kì í ṣe àléébù ọ̀rọ̀. Ikun ara, ó tán: ohùn àárín méjì, kì í ṣe ikùn tí à ń jẹun sí, kì í ṣe ikún tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ sá fún àwọn ọmọ. A ti ní já lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ọmú kò sí níbí. Já náà ni kí á mú: okùn já, a já ewé, ohun tó so mọ́ nǹkan ló ń já. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ jíjá lára. Ó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a ti mọ̀, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni májèṣín, tí wọ́n ti ń pè ní júfínáì lọ́jà. Ẹ máa pè é bó bá ṣe wù yín.

Ẹgbẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa kó jọ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì láti ọdún 1970. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìn-ín-ní ní 1984, apá kejì ní 1990, tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ọ̀sìn ẹja kò sí lára iṣẹ́ tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ àti epìyà ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ létí omi ń pe nǹkan wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ṣẹ̀dá òmíràn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.