Ilé Àtijọ́ Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní ọdún 1979 ni mo wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, akọ̀wé kékeré lásán. Àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n kọ́ ilé tí ọ́fíìsì wa wà. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sí ojú fèrèsé kí ó máa jẹ ẹ̀kọ. Àjà rẹ̀ ga fíofío, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú jù, atẹ́gùn a gba ìhín wọlé, a gba ọ̀hún jáde. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé náà ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Ní 1984, wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ilé náà di ìgbàlódé. Kọngílá dé. Ó kan àjà mìíràn sí abẹ́ àjà àtijọ́, ó fi ìṣó kan àwọn fèrèsé pa, ó sì ki ẹ̀rọ amúlétutù bọ ojú ògiri. A pàtẹ́wọ́! Èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ jẹ ìgbádùn?

Kò pé oṣù mẹ́ta tí NEPA fi hàn wá pé òun ni ọ̀gá. Bí iná bá ti lọ báyìí, ilé náà a di ààrò búrẹ́dì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, arábìnrin kan tí ń bá wa tẹ̀wé, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, dákú sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ọlọ́run yọ òun àti ọmọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ti lọ, abẹ́ igi máńgòrò ni à ń gbé fáìlì lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ti wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀. Mo rí i pé ọdún 1902 ni Willis Carrier ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ti ìgbàlódé, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní New York ni ó sì ṣe é fún, kí ọ̀rinrin má baà máa ba ìwé jẹ́. Nítorí ìwé ni o, kì í ṣe nítorí ènìyàn! Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mapo ní 1929, ta ni ń ro ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn? Robert Jones, òyìnbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Taffy, ni ó ya àwòrán ilé náà. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, pẹ̀lú òpó ńláńlá níwájú. Ilé náà kò tíì di àpatì: ibẹ̀ ni a ti dé Ọba Rashidi Ladọja ládé Olúbàdàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025.

Kì í ṣe pé mo ń yin amúnisìn. Àwọn baba wa ti mọ ọgbọ́n yìí kí òyìnbó tó dé: ògiri alámọ̀ tó nípọn, àti àgbàlá láàárín agboolé kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ọgbọ́n ni yóò fi kọ́lé.

Ní 2018, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Denver, ní Amẹ́ríkà. Ó ti gbọ́ ìtàn igi máńgòrò yìí títí ó fi sú u. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo ilé kan.” A wakọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin, a la àárín àwọn òkè kọjá, kí á tó dé Grand Junction, ìlú kan ní ilẹ̀ gbígbẹ níhà ìwọ̀-oòrùn Colorado. Ooru ibẹ̀ ń jó ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òtútù ibẹ̀ sì ń gé ni jẹ nígbà yìnyín.

Ọdún 1918 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé náà fún ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé ẹjọ́. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ní 1972 wọ́n fi orúkọ Wayne Aspinall sọ ọ́, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan láti Colorado. Ẹ sáà gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn náà ti kan àjà sí abẹ́ àjà! Kọngílá kò yàtọ̀ níbìkan.

Ní 2009, Ààrẹ Obama buwọ́ lu òfin láti ná owó sórí iṣẹ́ ìlú nítorí ọrọ̀-ajé tó dẹnu kọlẹ̀. Mílíọ̀nù dọ́là 15 kan ilé yìí. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 2013, ète wọn ni pé kí iná tí ilé náà ń fúnra rẹ̀ pèsè lọ́dún tó èyí tí ó ń lò. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n tú àjà kékeré náà dànù. Wọ́n fi àwọn fèrèsé àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n fi gíláàsì mìíràn tì wọ́n lẹ́yìn láti inú kí ooru àti òtútù má baà ráyè. Wọ́n wá gbẹ́ ihò 32 sínú ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 475, wọ́n sì ń da omi káàkiri nínú ọ̀pá tí wọ́n rì síbẹ̀. Ẹni tó bá ti fa omi kànga rí yóò mọ ìdí rẹ̀: omi kànga tutù lọ́sàn-án gangan, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọyẹ́ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú ilẹ̀ kì í bá ojú ọjọ́ yí. Nígbà ooru, ilé náà ń da ooru rẹ̀ sínú ilẹ̀. Nígbà òtútù, ó ń gbà á padà.

Ìgbẹ̀yìn ni sólà tó dé. Ọ̀rọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ilé àtijọ́ kò fẹ́ kí ó dà bíi fìlà tó tóbi ju orí lọ. Wọ́n gé e kù sí kìlówáàtì 123, wọ́n sì fà á sẹ́yìn kúrò létí òrùlé. Nítorí náà, ó di dandan kí ilé náà túbọ̀ dín iná tí ó ń lò kù.

Ohun tó dá mi dúró jù ni àwòrán kan tí Louise Ronnebeck kùn fún ilé náà ní 1940. Tọkọtaya òyìnbó ń kórè èso nínú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ará Ute, àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ń kúrò níbẹ̀. Ní 1881 ni ìjọba lé wọn, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì tẹ Grand Junction dó. Wọ́n ti yọ àwòrán náà kúrò nígbà kan, kò sì sẹ́ni tó rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó padà sí ògiri ní 1992. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ọmọ mi fi fà mí lápá. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, “Bàbá, ilé amúnisìn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n wó o.” Bí a bá wó o tán, kí ni a ó fi han ọmọ wa pé wọ́n mú wa sìn rí? Ẹlẹ́rìí ni ilé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, “Mílíọ̀nù dọ́là 15! Níbo la ti fẹ́ rí i?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ilé ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ. Àwa ra ẹ̀rọ, a sì di ilé nímú. Ní báyìí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́, owó epo sì ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá mo gba iwájú ọ́fíìsì wa àtijọ́ kọjá. Àwọn fèrèsé wà ní kíkàn pa síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, fáìlì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí ìjọba bá ń wá ẹni tí yóò fi ibi tí àwọn ìṣó náà wà hàn wọ́n, mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n sáà mú ohun tí a fi ń yọ ìṣó dání.