Afẹ́fẹ́ inú mínírà, atukọ̀ òkun àti ẹran màlúù

Ẹni tó bá ní mínírà tútù nítòsí, kó ṣí i kó máa bá wa bọ̀. Ìró “fìì” tí ẹ gbọ́ yẹn, carbon dioxide ló ń sá jáde. Ṣé ẹ rí afẹ́fẹ́ yẹn, kì í ṣe torí kó lè ta wá lọ́fun ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń fi í sínú omi. Oògùn ni wọ́n pè é. Àìsàn tó ń pa àwọn atukọ̀ òkun ni wọ́n fẹ́ fi wò.

Ní ọdún 1764, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Dublin, ní Ireland, David Macbride, gbé ìwé kan jáde. Ó ti kíyè sí i pé tí ẹran bá ń rà, afẹ́fẹ́ a máa jáde lára rẹ̀. Ó wá rò ó pé afẹ́fẹ́ yìí gan-an ló so ẹran pọ̀, pé bó bá ti jáde tán ni ẹran ń jẹrà. Ó ní òun gbé ẹran tó ti ń rùn sínú afẹ́fẹ́ náà, ó sì tún padà dára.

Kí ló kan atukọ̀ níbẹ̀? Nígbà yẹn, àìsàn scurvy ń pa wọ́n bí ẹní pa eṣinṣin. Èrìgì á wú, eyín á máa mì, egbò tó ti jinná tipẹ́ á tún là. Lójú àwọn dókítà, ara ààyè ló ń jẹrà yẹn. Macbride ní kí wọ́n máa mu omi ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà, kó lè máa hó nínú ikùn, kí afẹ́fẹ́ náà sì wọ ara.

Joseph Priestley náà gba èrò yìí gbọ́. Ní ọdún 1767, ó kó lọ sí Leeds, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpọntí. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ tó wúwo kan máa ń dúró lórí àwọn agbada ọtí tó ń hó. Ó gbé ife méjì síbẹ̀, ó ń da omi láti inú ọ̀kan sínú èkejì, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́nu. Omi ìsun ilẹ̀ Jámánì, irú ti Pyrmont tí àwọn olówó ń wá kiri fún ìlera, ló ń fara wé. “Mineral water” ni wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí mínírà ti wá?

Ní 1772, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ méjèèjì tí Captain James Cook kó lọ sí ìrìn àjò lọ́dún náà. Nígbà tó yá, Jacob Schweppe sọ ọ́ di òwò ní Geneva.

Àmọ́ kò wo scurvy. Ohun tó ń ṣe wọ́n ni àìrí fítámì C jẹ. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé láti 1747 ni James Lind ti dán an wò lára atukọ̀ 12: àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló yára gbádùn jù. Síbẹ̀, ó di 1795 kí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó tó fọwọ́ sí omi lẹ́mọ́ọ̀nù fún gbogbo ọkọ̀. Ẹ̀bi Macbride nìkan kọ́. Lind fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa se omi ọsàn náà kó lè pẹ́, iná sì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ọkà ni wọ́n gbára lé, òkú sì ń bọ́ sókun.

Ibi tí ìtàn ti wá yíwọ́ rèé: ọ̀rọ̀ Macbride nípa ẹran kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1882, Hermann Kolbe ní Jámánì fi ẹran màlúù sínú àgbá tó kún fún carbon dioxide, ó sì pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ní 1889, Carl Fränkel dán an wò lára àwọn kòkòrò àìfojúrí fúnra wọn. Àwọn kan kú, àwọn kan kàn dúró gbagidi láìgbèrú, àwọn kan ò tilẹ̀ kà á sí. Afẹ́fẹ́ náà kì í so ẹran pọ̀ rárá. Ńṣe ló ń yòrò sínú omi ara ẹran, á di kíkan díẹ̀, á wọ inú kòkòrò náà lọ, á sì da iṣẹ́ rẹ̀ rú.

Àwọn tó kọ́kọ́ jèrè rẹ̀ gan-an ni àwọn olówò ẹran ní Australia àti New Zealand. Ọ̀nà wọn sí Ìlú Ọba jìn ju ti Argentina lọ, ẹran tútù lásán kò lè débẹ̀ láìbàjẹ́, èyí tó bá sì dì bíi yìnyín kì í lówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 1930 sí 1940, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi carbon dioxide bí ìdá 10 nínú 100 sínú yàrá tútù ọkọ̀ náà, ẹran sì ń gúnlẹ̀ ní pípé. Tó bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ńṣe ni ẹran á pàwọ̀ dà, kò sì sẹ́ni tó máa rà á.

Ọ̀rá ẹran tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún ní súpámákẹ́ẹ̀tì lónìí, ọmọ ìyá iṣẹ́ yẹn ni. Àmọ́ òtútù ló ń mú kí carbon dioxide yòrò dáadáa. Ẹ ṣáà mọ bí mínírà tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe máa ń rí. Tí iná bá lọ tí fíríìjì sì kú, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran sílẹ̀, àwọn kòkòrò tó kàn ń sùn á sì jí.