Ogójì àti Ọgọ́rùn-ún: Ìtàn Abẹ́rẹ́ Ológbò Kan ní Ṣakí

Lọ́dún tó kọjá, èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbi tí ológbò mi ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Ó ń mu omi láìsinmi, ó ń jẹun, síbẹ̀ ó ń rù. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Àwọn oníṣègùn Íńdíà ayé àtijọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ alátọ̀gbẹ máa ń fa èèrà, kó tó di pé Matthew Dobson, dókítà ní Liverpool, fi hàn ní 1776 pé ṣúgà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹranko ló ṣínà ìyókù. Ní 1889, von Mering àti Minkowski yọ páńkíríásì ajá kan ní Strasbourg, ajá náà sì di alátọ̀gbẹ. Ní 1921, Banting àti Best lo ajá ní Toronto. Ní oṣù January 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní oògùn tí wọ́n fà jáde láti ara màlúù. Àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní 1923, ní dọ́là kọ̀ọ̀kan péré! (Ínsúlínì ológbò sì jọ ti màlúù ju ti ènìyàn lọ. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà Fúlàní.)

Ibi tó wá kàn mí gan-an ni bí oògùn náà ṣe lágbára tó nínú ìgò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgò ínsúlínì kan lè ní 20, 40 tàbí 80 yúníìtì nínú mílílítà kan. Àwọn aláìsàn ń ṣì í lò, àwọn mìíràn sì forí sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi mú 100 wọlé ní àwọn ọdún 1970, tí Ìlú Ọba náà sì gbà á ní 1983. Ṣùgbọ́n wọn ò ka ẹranko mọ́ àtúnṣe yẹn. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ínsúlínì ẹranko ṣì jẹ́ 40. Sìríńjì tirẹ̀ sábà máa ń ní ìdérí pupa, ti 100 sì máa ń ní ìdérí aláwọ̀ ọsàn.

Èmi tí mò ń kọ́ni ní ìtàn, mi ò mọ ìtàn yìí nígbà yẹn. Dókítà ẹranko sọ pé kí n máa fún un ní yúníìtì kan lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ínsúlínì ènìyàn ni mo rà, 100 ni. Nígbà tí sìríńjì mi tán, ọmọ mi fi tuntun ránṣẹ́ láti London: ìdérí pupa. Mo fa oògùn dé ìlà kìíní, mo gún un. Ìlà kan lórí sìríńjì yẹn gba yúníìtì méjì àbọ̀ nínú ínsúlínì 100. Kò pẹ́ tí ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, ó sì ṣubú. Ìyàwó mi ló sáré mú ojúlówó oyin wá, ó fi pa á ní erìgì. Ó gbórí sókè. A ò sùn mọ́jú, ẹja díẹ̀ díẹ̀ la ń fún un.

Aládùúgbò mi kan wá kí wa láàárọ̀, ó ní, "Baba Prof, ológbò lẹ̀ ń gún, nígbà tí ènìyàn ò rí tiẹ̀ rà?" Mi ò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Mo kàn sọ fún un pé ìgò kan náà ni, àti pé mo ti ń wá ẹni tí mo lè bá pín in, kó má bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ti iná ńkọ́? Fíríìjì ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ìgò tí mò ń lò lọ́wọ́ wà nínú ìkòkò amọ̀, ìkòkò yẹn sì wà nínú èyí tó tóbi jù ú lọ, iyanrìn tútù láàárín wọn. Mohammed Bah Abba, ọmọ ilẹ̀ wa, gba ẹ̀bùn Rolex lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní 2000. Tòmátò ló fi ń pa mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021, láti àgọ́ Dagahaley ní Kẹ́ńyà, fi hàn pé ínsúlínì ṣì lè dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru tó ń lọ láti 25 dé 37.

Oúnjẹ la yí padà jù. A ò fún un ní àmàlà mọ́, ó ti ń jẹ ẹ́ látọdún pípẹ́, mi ò mọ̀ pé ẹran nìkan ni ara ológbò fẹ́. Èèrà ti kúrò lẹ́yìn ilé báyìí. Mo ti to sìríńjì pupa tó ṣẹ́kù sínú páálí kan, mo sì fi máàkà kọ 40 gàdàgbà sí i lára.