Márùn-ún nínú 90: Ìtàn Tẹ́tẹ́ Nọ́ńbà dé Ajah

Tẹ́tẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ń ta ní ìsọ̀ kéékèèké lẹ́bàá títì Lekki sí Ajah ti pẹ́ láyé ju Èkó òde òní lọ. Ìlú Genoa ní Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń fa orúkọ ènìyàn márùn-ún yọ níbẹ̀ láti wọ ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn ará ìlú sì ń fowó ta lé ẹni tórúkọ rẹ̀ máa jáde. Nígbà tó yá, nọ́ńbà 1 dé 90 gba ipò orúkọ.

Ní 1749, wọ́n gbé tẹ́tẹ́ yìí wá bá Frederick Kejì, ọba Prussia. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, lọba ní kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Euler tún padà ṣírò bí nọ́ńbà tó tẹ̀ léra, bíi 27 àti 28, ṣe ń jáde pọ̀ sí. Ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ atatẹ́tẹ́ kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní pools ló kọ́kọ́ gbòde. Ìdí rẹ̀ ni Kessington Adébùtú ti mọṣẹ́ kó tó dá Premier Lotto, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ nọ́ńbà, sílẹ̀, ìnagijẹ rẹ̀, Bàbá Ìjẹ̀bú, ló sì di orúkọ tẹ́tẹ́ nọ́ńbà náà. Ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tẹ́tẹ́ ní 2005, Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fagi lé òfin náà ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, 2024.

Ẹni tó ta two-sure yan nọ́ńbà méjì. Ọ̀nà 4,005 ni a lè gbà mú méjì nínú 90. Bí márùn-ún bá ti jáde, 3,570 nínú rẹ̀ kò ní nọ́ńbà kankan tó bọ́ sí i, 425 ní ẹyọ kan, 10 péré ló ní méjèèjì. Òdo, ẹyọ kan, méjì: ohun mẹ́ta yìí nìkan ló lè ṣẹlẹ̀, iye wọn sì pé 4,005 géérégé. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìpín ìṣeéṣe nìyẹn. Àwọn 425 yẹn ló léwu jù, nítorí ẹni tó rí ẹyọ kan á ní ó kù díẹ̀, á sì tún padà wá.

Ẹni tó bá jẹ two-sure ń gba ìlọ́po 240 owó tó fi ta. Ká ní kò sí èrè fún ẹni tó ń tà á, ìlọ́po 400 àti ààbọ̀ ni kó gbà. Nínú ₦100 tí wọ́n ta, bíi ₦60 ló ń padà bí a bá pín in kárí.

Àwọn kan ń fi ìwé èsì àtijọ́ wá nọ́ńbà tó "ti pẹ́ tó ti jáde". Ṣùgbọ́n gbogbo 90 ni wọ́n ń dá padà sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tún fà á, èyí tó pẹ́ àti èyí tó jáde lánàá kò sì yàtọ̀ síra níbẹ̀.