Láti Ewé dé Ìgò: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Gba Ẹ̀wà Lọ́wọ́ Kòkòrò

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni bí a ṣe fi ewé sílẹ̀, tí a sì dì mọ́ ìgò májèlé láti gba irè oko wa lọ́wọ́ kòkòrò, àti ohun tí èyí ti ná wa.

Kí ilé tó gba ilẹ̀ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, oko àwọn Àwórì ni ibẹ̀. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣàdédé da irè oko sínú àká. Wọn a máa fi eérú tàbí ata gbígbẹ pò ó, wọn a sì máa so àgbàdo kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa kàn án. Ewé olóòórùn náà kò gbẹ́yìn.

Ìmọ̀ ni èyí. Kòkòrò ẹ̀wà a yé ẹyin sára hóró. Ìdin rẹ̀ a gbẹ́ inú hóró náà wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, kòkòrò a dá ihò jáde. Oje olóòórùn wà nínú ewé ẹfínrín ńlá, thymol tàbí eugenol sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Eugenol yìí kan náà ni ó ń mú kànáfùrù ta sánsán. Bí oje náà bá fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ àpò, a gba ihò èémí kòkòrò wọlé, a sì da iṣan ara rẹ̀ rú. Ní 1986, Ivbijaro àti Agbaje tẹ ìwádìí jáde lórí bí ìyèré àti ata ṣe ń pa kòkòrò ẹ̀wà.

Kí ló dé tí a fi pa ewé tì? Kòkó wà lára ìdí rẹ̀. Ní 1907, àwọn olóko ńlá Agége tó múlé gbè wá, tí J. K. Coker jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Irú oko bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ẹ̀kúnwọ́ ewé ṣọ́. Paul Müller ṣàwárí agbára DDT ní 1939. Láti àárín àwọn ọdún 1950 sí 1959 síwájú, Gámálìn, tí lindane wà nínú rẹ̀, di ohun tí àgbẹ̀ kòkó wa ń fín. Ó yá, ó sì ń pẹ́ kí ó tó tán. Pípẹ́ yìí náà ni ewu rẹ̀: ní 2009, Àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Àṣà ìgò ti wọ ilé ìpamọ́ ẹ̀wà. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fi òfin de ìgò kéékèèké dichlorvos. Òfin Yúróòpù ń dáàbò bo ará Yúróòpù. Ta ni ń yẹ kóńgò ẹ̀wà ọjà Ìkòtún wò fún ẹni tí yóò sè é fún ọmọ rẹ̀?

Èmi kò sọ pé kí a kàn padà sí àtijọ́. Oje ewé kì í pẹ́ kí ó tó fẹ́ lọ, agbára rẹ̀ a sì máa yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. A ní láti wọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ti wọn òróró ẹ̀pà, tí wọ́n sì fi hàn ní 1978 pé mìlílítà 5 lè dáàbò bo kílógíráàmù ẹ̀wà kan. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí wa ni láti sọ fún ọlọ́jà ìwọ̀n oje ẹfínrín tí ó tó fún àpò kan tí a dì pa, àti ìgbà tí yóò tún un ṣe. Títí a ó fi sọ ọ́, ọ̀tapiapia ni yóò máa rà.