Àbíyè àti Agbẹ̀bíyè: Ohun tí ó ń Darí Ẹsẹ̀ Aboyún ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, 2009–2017

Kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ ni àdúrà Yorùbá fún aboyún. Àdúrà náà fi hàn pé ewu wà nínú ìrọbí. Tipẹ́tipẹ́ kí ilé ìwòsàn tó dé ni wọ́n sì ti ń wá ojútùú sí i. Àgbo, àsèjẹ àti oyún dídè wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí ọdún 1930 ní Òkè-Oòyè, Ilẹ́ṣà, ilé ìgbẹ̀bí ìjọ aládùúrà kún un. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ó ṣófo ni ilé ìwòsàn ìjọba bá.

Ní ọdún 2009, ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò dá ètò Àbíyè sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Ìdádúró mẹ́rin ni ètò náà dojú kọ: ìdádúró láti pinnu, láti dé ilé ìwòsàn, láti rí ìtọ́jú gbà, àti láti gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún aboyún ní fóònù. Òṣìṣẹ́ ìlera sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Ní ọdún 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀ nígbà náà, èrò sì rọ́ lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni ìdènà, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ìbá ti mú un kúrò. Àṣẹ ọkọ, ìmọ̀ràn ìyá ọkọ, ọ̀nà jíjìn, ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ àti ọ̀rọ̀ líle láti ẹnu nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Agbẹ̀bí, ní tirẹ̀, mọ ilé aboyún, ó sì ń pè é ní ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Oǹdó nìkan. Ìwádìí ìlera gbogbo Nàìjíríà ti ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá ni ó gba ìtọ́jú oyún lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, ṣùgbọ́n ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn.

Ètò Agbẹ̀bíyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ni ìdáhùn Oǹdó. Wọ́n kọ́ agbẹ̀bí ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, wọ́n sì ń fún un ní owó ìwúrí bí ó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí aboyún fọkàn tán di ẹni tí ń fà á lọ́wọ́ wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé àìmọ̀kan kọ́ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ aboyún dúró. Ibi tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.